Ẹ to àdírẹ́ẹ̀sì yín kẹ́ ẹ tó ra sítáǹpù

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin àtijọ́ yín ní Oǹdó fẹ́ kọ lẹ́tà sí bí 800 èèyàn nítorí àjọ̀dún iléèwé, orúkọ kan wà nínú rẹ́jísítà, òmíì wà nínú Excel tí akọ̀wé àná fi sílẹ̀, òmíì wà káàkiri orí WhatsApp, ẹ wá ń bèèrè áàpù tó máa tẹ àdírẹ́ẹ̀sì sára ẹ́ńfílọ́ọ̀pù kíákíá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti áàpù sílẹ̀ ná. Word àti Excel tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín yẹn ti tó, tẹ́ ẹ bá ti to orúkọ yẹn dáadáa, títẹ̀ ẹ́ jáde ò le rárá. Títò ẹ̀ gan-an niṣẹ́. Èmi ni mò ń bá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì kan ní Àkúrẹ́ níbí tọ́jú ìwé orúkọ wọn, ó ti pẹ́ díẹ̀, àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú wọn, púpọ̀ ò lo WhatsApp, lẹ́tà ni wọ́n gbọ́kàn lé, bí lẹ́tà ìpàdé ò bá dé ọwọ́ Màmá kan ní Ìdànrè, á rò pé ẹgbẹ́ ti gbàgbé òun ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń fi ọ̀rọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì ṣeré.

Ibi téèyàn ń gbé àti ibi tí lẹ́tà ti máa bá a, nǹkan méjì ni lọ́dọ̀ tiwa níbí. Àwọn èèyàn á fún yín ní "lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì CAC, ilé aláwọ̀ ewé, Ìjọ́kà", ọlọ́kadà á dé bẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà póòsì ò lè dé bẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní Ìjọ́kà àti ọ̀nà Ọ̀dà ò tiẹ̀ ní nọ́ńbà lára. Torí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bi ẹnikẹ́ni ni pé "ṣé ẹ ní P.O. Box, àbí ibi iṣẹ́ yín ní P.M.B. (àpò lẹ́tà tí póòsì yà sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́)?" Ẹ wo FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà níbí, bó ṣe tóbi tó, P.M.B. 704, Àkúrẹ́ ni àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀, iléèwé Adéyẹmí tó wà lọ́dọ̀ yín ní Oǹdó, P.M.B. 520. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nírú ibẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹ̀, ẹ kọ ẹ̀ka tó wà, kẹ́ ẹ tó wá kọ P.M.B. yẹn, torí lẹ́tà tó bá ní orúkọ nìkan á kàn máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíì ni.

Tí wọ́n bá sì ní àwọn ní Box, ẹ má tíì dúpẹ́. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń sanwó ẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń san owó Box, ẹni tó gbà á nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, tó ti fẹ̀yìn tì tó kó lọ sílé, Box yẹn lè ti di ti ẹlòmíì pátápátá, lẹ́tà yín á wọnú ẹ̀, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn tí ò ní Box rárá, pàápàá àwọn tó wà ní àrọko àti ìlú kéékèèké, ẹ bèèrè iléèwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí wọ́n lè bá wọn gba lẹ́tà, ẹ wá kọ ọ́ pé c/o, ṣùgbọ́n ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé tàbí pásítọ̀ yẹn o, torí tí wọn ò bá mọ̀ nípa ẹ̀, orí tábìlì ni lẹ́tà máa sùn sí.

Orúkọ ìlú náà ń dá wàhálà sílẹ̀ ju béèyàn ṣe rò lọ. Nínú rẹ́jísítà àtijọ́ yín yẹn ẹ máa rí "Adó-Èkìtì, Ondo State", òótọ́ ni nígbà yẹn, 1 October 1996 ni wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, ẹ lè rí "Ilé-Ifẹ̀, Oyo State" náà, torí 1991 ni wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ lẹ máa tún ṣe. Ẹ tún máa rí ẹni tó kọ "Yaba" nìkan. Yaba wo? Yaba wà ní Oǹdó lọ́dọ̀ yín, Yaba wà ní Èkó. Ìsọ̀lọ̀ wà ní Àkúrẹ́, òmíì wà ní Èkó. Súrùlérè ò lóǹkà. Sábó wà níbi gbogbo. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni "Ondo Road": ẹni tó ń gbé ní Ondo Road, Àkúrẹ́, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á rí Ondo, á sáré fi Ondo sí ìdí kọ́lọ́ọ̀mù ìlú, lẹ́tà á gba Oǹdó lọ nígbà tí ẹni tó ni ín wà ní Àkúrẹ́. Torí ẹ̀, ìlú gbọ́dọ̀ ní kọ́lọ́ọ̀mù tiẹ̀, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀, kẹ́ ẹ má sì fi òfìfo sílẹ̀ níbẹ̀ torí pé ẹ rò pé ẹ mọ̀ ọ́n.

Póòsìkóòdù, ẹ fi sí i. Nọ́ńbà mẹ́fà ni tiwa ní Nàìjíríà, mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń sọ agbègbè: Àkúrẹ́ 340, Ọ̀wọ̀ 341, Ìkàrẹ́ 342, Òkìtìpupa 350, Oǹdó 351, Adó-Èkìtì 360. Àwọn èèyàn á máa fún yín ní 23401, ẹ má gbà á o, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe Nàìjíríà lórí fóònù ni 234, kò kan póòsì rárá.

Ó yá, Excel. Èèyàn kan, ìlà kan. Nǹkan kan, kọ́lọ́ọ̀mù kan. Oyè lọ́tọ̀ (Mrs, Chief, Alhaja, Dr), orúkọ lọ́tọ̀, orúkọ ìdílé lọ́tọ̀, orúkọ tó ń jẹ́ níléèwé lọ́tọ̀ (èyí ṣe pàtàkì fún ẹgbẹ́ obìnrin, torí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ò lè mọ orúkọ ọkọ ẹ̀), ìlà àdírẹ́ẹ̀sì méjì, ìlú, póòsìkóòdù, ìpínlẹ̀, orílẹ̀-èdè, fóònù. Àpèjúwe ilé, "lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì" yẹn, ẹ má jù ú nù, ẹ fún un ní kọ́lọ́ọ̀mù tiẹ̀ lápá ìparí, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rán ọlọ́kadà lẹ máa wá a. Orí ìlà àkọ́kọ́ ni kí àkọlé wà, ìlà kan ṣoṣo, ẹ má so sẹ́ẹ̀lì pọ̀, ẹ má fi ìlà òfìfo sáàárín torí kó lè dùn ún wò, Word ò ní lè kà á dáadáa.

Kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun síbẹ̀, ẹ sọ gbogbo kọ́lọ́ọ̀mù di Text. Ẹ jọ̀ọ́, èyí ni kẹ́ ẹ má fò. Excel máa ń rò pé òun gbọ́n: ilé tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 5-7, á sọ ọ́ di ọjọ́ oṣù, ẹ máa rí "5-Jul" níbẹ̀, 0803 tó ṣáájú fóònù á di 803. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Boston tàbí New Jersey ní Amẹ́ríkà, òdo ló bẹ̀rẹ̀ zip code wọn, Excel á gé òdo yẹn jù sọ́nù, ẹ̀yin ò ní mọ̀ torí ẹ ò mọ zip code wọn sórí. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kọ orúkọ pẹ̀lú àmì ẹ̀, ẹ, ọ, ṣ, tẹ́ ẹ wá fẹ́ tọ́jú ẹ̀ sí CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n fi kọ́mà pín), CSV UTF-8 ni kẹ́ ẹ mú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo ẹ̀ á di àmì ìbéèrè. Èyí tó dára jù ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ní Excel gan-an títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́dún kan. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan la gbé iṣẹ́ fún, ọmọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ fẹ́ to orúkọ ní A sí Z, ó yan kọ́lọ́ọ̀mù orúkọ nìkan, Excel bi í léèrè, ó kàn tẹ̀ ẹ́ lọ. Orúkọ tò, àdírẹ́ẹ̀sì dúró síbi tó wà. Gbogbo orúkọ pátá ló wá bọ́ sọ́dọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì ẹlòmíì, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́, ó lọ. Bàbá kan ní Ọ̀wọ̀ gba lẹ́tà tó ní orúkọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń gbé ní Òkìtìpupa, òun ló pè wá. Ó dùn wá gan-an torí owó ẹgbẹ́ ni, owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n fi dá a. Látìgbà yẹn mi ò gbé fáìlì orúkọ fún ẹnikẹ́ni bá mi tò, tí mo bá sì ń tò ó fúnra mi, Expand the selection ni mo máa ń mú nígbà tó bá bèèrè, mo tún máa ń mú èèyàn bíi mélòó kan tí mo mọ ilé wọn dáadáa, mo máa wò ó bóyá orúkọ wọn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú wọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì: ẹ má lo Remove Duplicates o. Fúnmiláyọ̀ Akínọlá méjì lè wà nínú kíláàsì kan ṣoṣo, èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ Shadé tó wà ní WhatsApp àti Foláṣadé tó wà nínú rẹ́jísítà lè jẹ́ ẹnì kan náà. Nọ́ńbà fóònù ló máa ń tú àṣírí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Excel fi àwọ̀ hàn yín níbi tí nọ́ńbà fóònù ti jọra, kẹ́ ẹ wá fi ojú ara yín wò ó. Tọkọtìyàwó tí wọ́n ń gbélé kan ńkọ́? Ẹ má pa wọ́n pọ̀ láìbèèrè, tiyín tiẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ obìnrin, ẹ kọ ọ́ sí Màmá, kí ẹnikẹ́ni má rò pé Bàbá lẹ ń kọ̀wé sí.

Oyè pẹ̀lú. Ẹni tó bá ti joyè, ẹ kọ oyè ẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́ gan-an. Èèyàn lè dárí jì yín tí lẹ́tà bá pẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ Mrs fún ẹni tó ti di Chief Mrs láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀rọ̀ á délé ẹgbẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bèèrè àwọn tó ti kú. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ èyí kó tó. Lẹ́tà ìkésíni tó bá dé sórúkọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin, á tún mú ilé yẹn sunkún. Kò sí Excel tó lè bá yín ṣe é, ẹ pín orúkọ fún aṣojú sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n pe àwọn èèyàn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n béèrè àlàáfíà, kí wọ́n béèrè àdírẹ́ẹ̀sì. Ìpè yẹn ló máa gbà yín lákòókò jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, òun náà ló sì wúlò jù. Ẹni tó bá ti lọ, ẹ má pa ìlà ẹ̀ rẹ́, ẹ kàn kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ó ti kú, kí akọ̀wé tó ń bọ̀ má lọ tún un kọ síbẹ̀ látinú rẹ́jísítà.

Àwọn tó wà lókè òkun, bí wọ́n bá ṣe kọ àdírẹ́ẹ̀sì wọn ránṣẹ́ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má tún un tò bí tiwa. Ní UK, póòsìkóòdù ló ṣe kókó jù, nǹkan bí ilé 15 péré ni kóòdù kan máa ń kó pọ̀, lẹ́tà kan tẹ́ ẹ bá ṣì níbẹ̀, àdúgbò míì ló lọ. Orúkọ orílẹ̀-èdè ló máa gbẹ̀yìn, lẹ́tà ńlá, ìlà tiẹ̀ nìkan. Tiwọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé lọ sí póòsì.

Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí ò ní yí padà láéláé, kó bẹ̀rẹ̀ láti 1, kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn kékeré sí igun lébẹ̀lì, bébà àdírẹ́ẹ̀sì tẹ́ ẹ máa lẹ̀ mọ́ ẹ́ńfílọ́ọ̀pù. Ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì ẹgbẹ́ sẹ́yìn ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, láìsí ẹ̀, èyí tí ò rí ẹni gbà á ò ní mọ ibi tó máa padà sí. Èyí tó bá padà, ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tó padà àti ìdí tí wọ́n kọ sára ẹ̀ sínú Excel, kẹ́ ẹ pe ẹni náà.

Fún títẹ̀, Mailings ló wà nínú Word, ẹ mú Labels lábẹ́ Start Mail Merge, kí Word lè máa mú orúkọ látinú Excel yẹn. Èyí tí 21 wà lórí A4 kan, 63.5 mm sí 38.1 mm, ni mo máa ń lò, ìlà márùn-ún wọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ojú ewé kan sórí ìwé lásán, ẹ gbé e lé orí lébẹ̀lì, ẹ gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ rí i bóyá ó bára mu. Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, póòsìkóòdù ni kẹ́ ẹ fi tò ó, torí ẹ máa di ti ìlú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ pẹ̀lú rọ́bà, kẹ́ ẹ kọ́jú gbogbo ẹ̀ sí ibì kan náà, ẹ fi bébà sórí pé "Ọ̀wọ̀, 341". Ẹ lọ rí ọ̀gá tó wà ní póòsì ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ fẹ́ gbé wá fún un, ẹ mú ẹyọ kan dání kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ tó ra sítáǹpù.

Nǹkan kan ṣì kù. Ẹ má ju fáìlì yẹn sí gbọ̀ngán WhatsApp ẹgbẹ́ pé "ẹ bá wa wò ó". Orúkọ, fóònù àti ibi tí obìnrin 800 ń gbé nìyẹn, òfin Nigeria Data Protection Act ti 2023 sì ti sọ pé ẹni tó bá gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀. Aṣojú sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, tiẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fún un. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi orí ìlà àkọlé yẹn nìkan ránṣẹ́ sí mi, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni lábẹ́ ẹ̀.