Òbí tí kì í yọjú sípàdé

Ẹ̀yin olùkọ́ tuntun ní Houston tí ẹ ń sọ pé àwọn òbí ọmọ Mẹ́síkò àti Honduras kíláàsì yín ò ka ẹ̀kọ́ ọmọ sí, torí wọn kì í wá sípàdé, ẹ fara balẹ̀ ná. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ wọn ní Texas níbí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé tíṣà ló mọ iṣẹ́ rẹ̀, pé ẹni tó bá ń dá sí i ń rí i fín ni. Ṣé a ò mọ irú òbí bẹ́ẹ̀ nílé ni? Ta ni nínú àwọn tó ń kan òrùlé ló sì fẹ́ ráyè ìpàdé aago mẹ́ta ọ̀sán?

Fóònù ló gbè mí, kì í ṣe lẹ́tà. Ọjọ́ tọ́mọ bá ṣe dáadáa ni mo kọ́kọ́ máa ń pè, kí wọ́n má baà rò pé ẹjọ́ ni gbogbo ìpè iléèwé. Ẹ béèrè ògbufọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí iléèwé bá òbí sọ èdè tó gbọ́. Ẹ má fi ọmọ ṣe ògbufọ̀ o, ta ni yóò ro ẹjọ́ ara rẹ̀ bó ṣe rí? Ẹ tún wádìí èdè ilé wọn, torí àwọn ará Guatemala kan wà tó jẹ́ èdè ìbílẹ̀ Mam tàbí K'iche' ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe Spanish.

Ẹ má béèrè ìwé ìgbélùú láé. Ẹjọ́ Plyler v. Doe, tó ti ìlú Tyler ní Texas yìí bẹ̀rẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà, ti parí ìyẹn láti 1982: ẹ̀tọ́ ọmọ ni iléèwé ìjọba, ìwé wà o, kò sí o.

Taco, oúnjẹ Mẹ́síkò, àti àsíá tí iléèwé ń gbé kiri ní September láti fi ṣàjọ̀dún àṣà wọn, kò burú, àmọ́ mi ò rí òbí kan tó torí ẹ̀ wá.

Ìṣirò ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́síkò dé fi 6 pín 852. Ó kọ 142 sókè, ó kọ 25, 12 àti òdo sísàlẹ̀, ó tán. Orí ló ti yọ 6, 24 àti 12 tí àwọn ọmọ ibí máa ń kọ sílẹ̀. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ní ó jí ìdáhùn wò ni. Mo ní kó ṣe òmíràn lójú wa, ó ṣe é. Bí wọ́n ṣe kọ́ bàbá rẹ̀ ní Mẹ́síkò nìyẹn. Mo wá pe bàbá náà pé kó wá fi han kíláàsì. Ẹni tí wọ́n ní kì í yọjú dé kí agogo tó lù.

Orúkọ wọn ńkọ́? Orúkọ ìdílé méjì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, ti bàbá ló máa ń ṣáájú ti ìyá. Bó bá jẹ́ García López, abẹ́ G ni kí ẹ wò ó.