Ẹ Bi Wá Léèrè: Aáyán Gba Ilé Ìdáná Mọ́ Mi Lọ́wọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Yàrá méjì ni èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Ìbàdàn, àwa àti ayálégbé méjì mìíràn ni a sì jọ ń lo ilé ìdáná kan. Bí mo bá tan iná lóru láti po ògì fún ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ, aáyán kéékèèké ni yóò máa sá wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Nítorí ọmọ, n kò fẹ́ fọ́n oògùn apakòkòrò. Mo ti já ewé efinrin sílẹ̀, mo ti gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí kọ̀rọ̀, ìyá ọkọ mi sì ti ní kí n fi káńfọ̀ sínú àpótí aṣọ ọmọ. Kí ni ó wà nínú ilé tí yóò ṣiṣẹ́ gan-an? – Ìyá Ìkókó, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Ìyá Ìkókó. Ọ̀rọ̀ káńfọ̀ ni kò gba ìdúró. Ẹ kó o kúrò nínú àpótí náà lónìí, kí ẹ tún gbogbo aṣọ ibẹ̀ fọ̀, kí ẹ sì sá wọn sí oòrùn. Bọ́ọ̀lù funfun tí wọ́n ń tà fún wa lọ́jà ní káńfọ̀ sábà máa ń jẹ́ kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní naphthalene, èyí tí ó lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí kò ní èròjà G6PD (èyí tí ó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀) tó lára jẹ́, kí ojú ọmọ náà sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ìyá ọkọ yín kò ní ibi lọ́kàn. Bí àwọn náà ṣe bá a nílé ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Ní ti efinrin àti ọsàn wẹ́wẹ́, òórùn wọn lè lé aáyán fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n kì í pa á. Ọ̀dọ̀ ayálégbé kejì ni yóò yà sí, bí ewé bá sì ti gbẹ, yóò padà wá. Ẹ wo ọ̀kan dáadáa: bí ilà dúdú méjì bá wà lẹ́yìn orí rẹ̀, tí kò sì ju èékánná àtàǹpàkò lọ, aáyán Jámánì ni. Abo rẹ̀ a máa gbé àpò ẹyin sí ìdí títí yóò fi kù díẹ̀ kí wọ́n pa, ẹyin 30 sí 40 ni ó sì máa ń wà nínú àpò kan, nítorí náà ni bàtà kò ṣe lè tán wọn. Àwọn àgbà ní aáyán fẹ́ jó, adìẹ ni kò jẹ́. Ní ilé àyágbé, adìẹ kò sí, ọmọńlé ara ògiri ni ó kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa á.

Omi ni ẹ ó kọ́kọ́ fi dù ú. Aáyán yìí lè lò tó oṣù kan láìjẹun bí ó bá ń rí omi mu, ṣùgbọ́n bí kò bá rí omi, kò dájú pé yóò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, oúnjẹ ì báà kún iwájú rẹ̀. Kí ẹ tó sùn, ẹ nu síǹkì gbẹ, ẹ fún kànrìnkàn, ẹ dé gárawá omi, kí ẹ sì da omi tó ń ro sí ẹ̀yìn fíríìjì nù. Bí àwọn ayálégbé yòókù kò bá bá yín ṣe é, asán ni, nítorí náà ẹ pè wọ́n jókòó.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dẹ ìgò. Ẹ wá ìgò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ẹ fi ìwé ìròyìn wé ara rẹ̀ kí aáyán lè rí nǹkan gùn, kí ẹ sì fi fasilíìnì pa inú ọrùn rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì. Búrẹ́dì tí a rẹ sínú ẹmu ni kí ẹ fi sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì gbé ìgò náà sí ẹ̀yìn fíríìjì, níbi tí ó ti ń móoru. Èyí tó bá wọlé yóò máa yọ̀ padà sílẹ̀. Ní òwúrọ̀, ẹ da omi ọṣẹ lé wọn lórí: ihò wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ni aáyán fi ń mí, ọṣẹ a sì dí i.

Ẹ lè gbọ́ nípa boric acid, ìyẹ̀fun kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pò mọ́ ṣúgà. Ó ń pa aáyán lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń gba ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n májèlé ni fún ọmọ tó ń rákò tó sì ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu. Èmi kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ nísinsìnyí.

ÌBÉÈRÈ: Aáyán ńláńlá tó ń fò ń gba ojú ihò omi balùwẹ̀ wa jáde lálẹ́. Ṣé iyọ̀ lè lé wọn? – Bàbá Àlàbí, Ṣàgámù.

ÌDÁHÙN: Iyọ̀ kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan, Bàbá. Aáyán Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè é, inú kòtò omi ẹ̀gbin ni ilé rẹ̀ gan-an, àlejò lásán ni ní balùwẹ̀ yín. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irin wẹ́wẹ́ bo ojú ihò náà, kí ẹ sì ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì dí ibi tó bá ti sán lára ìdérí kòtò.