Ṣé ikọ́ tó ń jà láàárín ẹlẹ́dẹ̀ mi lè ran èèyàn?

Ó lè ran èèyàn, àmọ́ kì í sábà ṣẹlẹ̀. Ẹ ní gbogbo agbo yín ní Adó-Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́ láàárín ọjọ́ méjì, ikun ń dà nímú wọn, ara wọn gbóná, wọn ò jẹun: fúlúù ẹlẹ́dẹ̀ nìyẹn jọ. Ọ̀pọ̀ wọn á gbádùn láàárín ọjọ́ 5 sí 7. Bí wọ́n bá wá ń kú lọ rẹrẹ, tí etí àti abẹ́ ikùn wọn ń pọ́n, ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni kí ẹ fura sí. Ìyẹn kì í ran èèyàn, àmọ́ ó ń pa agbo run.

Ohun tó ń bani lẹ́rù ni pé fúlúù èèyàn àti ti ẹyẹ lè jọ wọ ara ẹlẹ́dẹ̀ kan náà. Wọ́n á pààrọ̀ èròjà àbùdá, fáírọ́ọ̀sì tuntun tí ara wa ò mọ̀ á sì jáde. Bí H1N1, fúlúù tó jà kárí ayé lọ́dún 2009, ṣe rí nìyẹn; Mẹ́síkò àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.

Ẹ ní kí dókítà ẹran gba ikun imú wọn fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Tó bá pẹ́, fáírọ́ọ̀sì á ti lọ. Abẹ́rẹ́ apakòkòrò kì í pa á. Ẹ lo ìbòmú, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́, ẹ má sì sin adìyẹ tàbí pẹ́pẹ́yẹ mọ́ wọn. Òṣìṣẹ́ tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú ò gbọdọ̀ wọlé: èèyàn náà ń kó o ran ẹlẹ́dẹ̀. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó bá jinná dénú ò léwu.