Ẹ Bi Wá: Ṣé ìbànújẹ́ ló kó ìtọ̀ ṣúgà bá mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oyún oṣù mẹ́fà ló wà nínú mi, wọ́n fún mi ní omi ṣúgà mu ní kíníìkì, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà aboyún ni. Àbúrò mi tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì wá ń sọ pé iṣan kan tó ń lo serotonin wà nínú páńkíríásì, ìyẹn ẹ̀yà ara tó ń ṣe insulin tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Èmi sì mọ serotonin sí nǹkan tó ń múnú ẹni dùn, bàbá mi sì kú lọ́dún yìí, mi ò tíì rẹ́rìn-ín dáadáa látìgbà yẹn. Ṣé ìbànújẹ́ yẹn ló dé páńkíríásì mi ni? (Ìyá Bọ́lú, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ìyá Bọ́lú, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di ẹ̀bi tí kì í ṣe tiyín lé ara yín lórí.

Àwa tá à ń kọ̀wé nípa ìlera la fà á, a ti pe serotonin ní họ́mọ̀nù ìdùnnú títí àwọn èèyàn fi rò pé inú ọpọlọ nìkan ló ń gbé. Inú ìfun ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i o. Vittorio Erspamer ará Ítálì ló rí i níbẹ̀ láwọn ọdún 1930, ó pè é ní enteramine. Ní 1948 àwọn kan ní Cleveland, Amẹ́ríkà, rí tiwọn nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní serotonin, ó di 1952 kó tó hàn pé nǹkan kan náà ni. Nínú 100 tó wà lára wa, ó ju 90 lọ tí ìfun ń ṣe, èyí tí ìfun bá sì ṣe kì í wọ ọpọlọ, ọpọlọ ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ iṣan tí àbúrò yín sọ yẹn, òótọ́ ni. Iṣan tó ń jíṣẹ́ ló ń sọ, kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ní 1990, Annette Kirchgessner àti Michael Gershon ní New York fi àwọ̀ kan tó ń tàn sínú páńkíríásì eku, àwọ̀ náà rìn padà lórí iṣan títí ó fi dé ara ikùn àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, àṣé ibẹ̀ ni àwọn iṣan kan ti wá, láìgba ọ̀dọ̀ ọpọlọ rárá, serotonin sì wà nínú díẹ̀ lára wọn. Iṣẹ́ wọn dà bíi ti ẹni tó ń yọ igi lábẹ́ ìkòkò kó má baà ru dànù: wọ́n ń dín omi tí páńkíríásì ń tú jáde láti fi da oúnjẹ kù. Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé serotonin kan náà, tí ara ìfun bá tú u jáde nígbà tí oúnjẹ wọlé, á ta iṣan vagus, èyí tó so ọpọlọ mọ́ ikùn àti ìfun, jí, ìyẹn á sì ní kí páńkíríásì túbọ̀ tú omi jáde. Òun ló ń koná, òun náà ló ń yọ igi.

Ti oyún yín wá yàtọ̀ sí ti iṣan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin náà máa ń ṣe serotonin fúnra wọn. Ní 2010 àwọn onímọ̀ kan ní California rí i lára eku tó lóyún pé àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n bí sí i kí insulin lè kárí, tí wọ́n bá sì dí i lọ́wọ́, ṣúgà á gòkè. Eku nìyẹn ṣá o. Lára tiyín, họ́mọ̀nù tó ń ti ibi ọmọ wá ni kì í jẹ́ kí insulin ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, páńkíríásì wá ń sáré kó lè bá a, nígbà míì kì í bá a. Ìrònú lè gbé ṣúgà sókè díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà cortisol, họ́mọ̀nù ìdààmú, nìyẹn ń gbà, kì í ṣe ti serotonin.

Ẹ máa wọn ṣúgà yín bí wọ́n ṣe ní kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì tún padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀pọ̀ kì í lọ, ọmọ ti gbà wọ́n lọ́kàn.

Ìbéèrè: Wọ́n ní serotonin wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ṣé kí n máa jẹ dòdò fún páńkíríásì mi? (Bàbá Ẹniọlá, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́ sà, àmọ́ ìfun àti ẹ̀dọ̀ á ti fọ́ ọ túútúú kó tó débì kankan. Ibi tó ti wúlò láti mọ̀ ni tí dókítà bá ní kí ẹ gbé ìtọ̀ wá fún àyẹ̀wò 5-HIAA, ìyẹn ohun tí serotonin ń dà tí ara bá fọ́ ọ: ẹ yẹra fún àgbagbà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọ̀pẹ òyìnbó fún bí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ dòdò lásán á jẹ́ kí wọ́n rò pé kókó kan tó ń ṣe serotonin wà nínú ìfun yín.