Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì 1000 wọ́ọ̀tì ní Lọ́ńdọ̀nù? Àbúrò, má rà á

Àbúrò, o ní wọ́n fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ oníbátìrì àlòkù 1000 wọ́ọ̀tì fún ẹ ní Peckham, pé ẹni tó ń tà á ní bí o bá ti lè tẹ bọ́tìnnì kan báyìí tó ń dín agbára rẹ̀ kù, ó ti bófin mu nìyẹn. Irọ́ ni. Láti ìgbà Kòrónà ni mo ti ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri nílùú yìí, ojú mi sì ti rí nǹkan.

Kẹ̀kẹ́ tí wọn ò ní bèèrè láísẹ́ńsì tàbí ìnṣọ́ránsì lọ́wọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní pẹ́dàlì tó ń ṣiṣẹ́, agbára mọ́tò rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 250 wọ́ọ̀tì lọ, mọ́tò náà sì gbọ́dọ̀ ṣíwọ́ bí eré bá ti dé máìlì 15.5 ní wákàtí kan. Ẹni tó bá gùn ún gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 14. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ níbẹ̀, alùpùpù ni lójú òfin: nọ́ńbà, ìnṣọ́ránsì, láísẹ́ńsì, akoto. Kò sì sí bí o ṣe fẹ́ rí ìnṣọ́ránsì ọ̀hún gbà, torí kẹ̀kẹ́ tí kò níwèé àṣẹ ojú títì, DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, ò ní fún un ní nọ́ńbà. Ti bọ́tìnnì yẹn, ohun tí kẹ̀kẹ́ lè ṣe ni òfin ń wò. Bọ́tìnnì tó o tẹ̀ lónìí, o lè tún un tẹ̀ lọ́la.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Old Kent Road, ọlọ́pàá dá èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan dúró. Kò bèèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó di ìjókòó kẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi mú, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó wá yí ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni tó fẹ́ fún ọ̀kadà níná. Táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí fìrìrì, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sì sí lórí pẹ́dàlì. Ó parí: kẹ̀kẹ́ tí mọ́tò ń sá a láìsí pé ẹsẹ̀ ń wa pẹ́dàlì, alùpùpù ni. Nígbà tó kan tèmi, kò rí nǹkan tó máa yí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mọ́tò, ó ka 250 tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó ní kí n máa lọ. Wọ́n gbé ti ọ̀rẹ́ mi sórí ọkọ̀.

£300 ni fáìnì àìní ìnṣọ́ránsì, pẹ̀lú pọ́íǹtì 6, ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sórí láísẹ́ńsì. Kò tíì pé ọdún méjì tí ọ̀rẹ́ mi yege ìdánwò ọkọ̀ wíwà, nítorí náà láísẹ́ńsì yẹn lọ. Kó tó lè gba kẹ̀kẹ́ padà, yóò san owó tí wọ́n fi gbé e lọ àti owó ojoojúmọ́ tó fi wà ní yáàdì, yóò sì tún mú ìwé ìnṣọ́ránsì wá. Níbo ló ti fẹ́ rí i? Ó fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó tà á fún un ní títà ò lòdì sófin, òótọ́ ló sì sọ! Inú ọgbà aládàáni, bí onílẹ̀ bá gbà, lèèyàn ti lè gùn ún. Ojú títì ni ẹ̀ṣẹ̀ wà, ẹni tó gùn ún ló sì ni ín. Bó bá dé kóòtù tí wọ́n dá ẹ lẹ́bi, fọ́ọ̀mù físà máa bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ.

(Bó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ lo wà, físà yẹn ò gbà kéèyàn máa ṣiṣẹ́ ara ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí gbígbé oúnjẹ orí áàpù jẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ kéré síbẹ̀.)

Síkútà oníbátìrì tí ìyàwó ẹ ń wò, èyí tí wọ́n ń dúró gùn, èyí téèyàn bá rà fúnra ẹ̀ ò gbọdọ̀ dé títì, kò gbọdọ̀ dé ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Èyí tí wọ́n ń yá èèyàn láwọn àdúgbò tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ni, ìyẹn náà ń fẹ́ láísẹ́ńsì.

Bó o bá ń ṣiṣẹ́ kíà (títọ́jú arúgbó tàbí aláìlera), bèèrè Cycle to Work lọ́wọ́ wọn, ìyẹn ètò tí ibi iṣẹ́ fi ń bá òṣìṣẹ́ gba kẹ̀kẹ́. Inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lè má gbà fún ẹ bí owó ẹ bá sún mọ́ iye tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san, torí yíyọ yẹn ò gbọdọ̀ já a wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyíkéyìí tó o bá fẹ́ rà, gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè bí ọlọ́pàá yẹn ti ṣe. Ka ohun tó wà lára mọ́tò. Gùn ún lọ síwájú díẹ̀: bó bá ti kọjá máìlì 15.5, ó yẹ kó o mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ pé mọ́tò ti jáwọ́. Kó o sì gba ṣájà tó bá a wá gan-an, má sì fi bátìrì gba iná lẹ́bàá ilẹ̀kùn tí ẹ máa gbà sá jáde bí ó bá gbiná.