Owó ilé, Sony àti ìyàwó tó yarí

Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà ẹ tán. O ní kámẹ́rà Canon M50 lò ń gbé lọ òde ìgbéyàwó n'Ìbàdàn, tílẹ̀ bá ti ṣú nínú họ́ọ̀lù fótò á kàn máa rí wúruwùru, àwọn ẹgbẹ́ ẹ ti bọ́ sórí Sony A7 IV, ìwọ náà wá fẹ́ fowó ilé kún un, ni ìyàwó ẹ bá yarí.

Ó jàre ẹ. Ṣé fótò lo fẹ́ kó fún lándílọ́ọ̀dù ni?

Àmọ́ kóun náà mọ̀ pé M50 yẹn ò tó iṣẹ́ tó ò ń ṣe mọ́ lóòótọ́. Canon ti pa ìlà M tí M50 wà tì, ojú kan ṣoṣo tí wọ́n ń ki kádì tó ń gba fótò sí ló sì ní, ká ní kádì yẹn kú lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ, kí lo fẹ́ sọ fún ìyá ìyàwó?

O ní lẹ́ǹsì 50mm àti 85mm ẹ, EF ni méjèèjì, ìyẹn irú tí Canon ṣe fún àwọn kámẹ́rà ẹ̀ àtijọ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tó o bá lọ Sony, bódì nìkan kọ́ lo máa rà o, wàá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra lẹ́ǹsì, torí àdápítọ̀ tó ń so lẹ́ǹsì Canon mọ́ Sony wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n fókọ́ọ̀sì ẹ̀ kì í sábà yá tó ti lẹ́ǹsì Sony fúnra ẹ̀.

Canon R6 tòkunbọ̀ lèmi máa ní kó o wá, èyí tó jáde ní 2020. Megapixel 20 ló ní, M50 ẹ ní 24, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìyẹn dẹ́rù bà ẹ́, sẹ́ńsọ̀ R6, ìyẹn ojú inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ló tóbi jù, ìyẹn ló ń jẹ́ kó ríran lálẹ́, ojú kádì méjì ló sì ní. Fídíò 4K tó bá pẹ́ máa ń mú un gbóná, àmọ́ fótò lo ní ò ń yà. Ra àdápítọ̀ EF-EOS R mọ́ ọn kí lẹ́ǹsì ẹ lè wọ̀ ọ́, àdápítọ̀ ti M50 ò ní bá a mu. Canon R8 tó o tún dárúkọ yẹn, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ dáa gan-an, ṣùgbọ́n ojú kádì kan náà la tún padà sí yẹn, bátìrì ẹ̀ kéré, fi sílẹ̀ jàre.

Má ta M50, jẹ́ kó wà nínú báàgì. Tó o bá ń lọ wo R6, mú kádì méjì dání, yà á sí méjèèjì lójú ẹni tó ń tà á, yọ lẹ́ǹsì kó o yẹ sẹ́ńsọ̀ wò dáadáa, kó o sì mú ìyàwó ẹ lọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dá owó ilé padà sí àkáǹtì kó o tó dárúkọ kámẹ́rà fún un o.