Tí ẹ́ńjìnnì bàálù kan bá kú lókè ńkọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Ọmọ mi obìnrin ń lọ kàwé ní Ìlú Ọba lóṣù tó ń bọ̀, àtìgbà tí mo sì ti rí fídíò bàálù kan tí iná ń jó lára ẹ́ńjìnnì ẹ̀ loorun ò ti kùn mí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ́ńjìnnì kan bá kú lókè, ṣé kò ní í já bọ́? Kí lọmọ mi lè ṣe? – Ìyá Bọ́lá, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì tó ń kó èrò, wọ́n ṣe é lọ́nà tó jẹ́ pé ẹyọ kan á lè gbé e, kódà kó jẹ́ ìgbà tó ń gbéra nílẹ̀ lèkejì daṣẹ́ sílẹ̀. Lóṣù kejì 2021, bíléèdì fáànù kan, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn abẹ̀bẹ̀ tó ń yí níwájú ẹ́ńjìnnì, ṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì ọ̀tún bàálù iléeṣẹ́ United tó gbéra ní Denver, l'Amẹ́ríkà, iná ń jó, ìdérí ẹ́ńjìnnì ń já bọ́ sáàárín ilé onílé, àmọ́ wọ́n yí padà wọ́n sì balẹ̀, èèyàn 241 ló wà níbẹ̀, ẹnì kankan ò ṣèṣe.

Páílọ́ọ̀tì kan á gbájú mọ́ wíwa bàálù, òun àti ìkejì ẹ̀ á jọ fẹnu kò lórí èyí tó bà jẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n á wá ti epo ẹ̀ pa, tó bá ń jóná wọ́n á tú oògùn panápaná sí i, ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ibi tí wọ́n máa balẹ̀ sí.

Fífẹnu kò yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Lọ́jọ́ 8 oṣù kìíní 1989, Boeing 737 kan kúrò ní Heathrow ó ń lọ Belfast, ẹ́ńjìnnì òsì ló bà jẹ́, bàálù ń gbọ̀n, èéfín ń wọlé, làwọn páílọ́ọ̀tì bá pa tọ̀tún tí ò ṣe nǹkan kan! Gbígbọ̀n yẹn sì rọlẹ̀, wọ́n rò pé ó ti bọ́ sí i. Ọ̀gá wọn kéde fáwọn èrò pé tọ̀tún làwọn pa, bẹ́ẹ̀ àwọn kan lẹ́yìn ti fojú ara wọn rí iná lápá òsì, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ìgbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n balẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú East Midlands, n'Ìlú Ọba, ni tòsì náà kú, wọ́n forí sọ ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀ M1 nítòsí Kegworth. Èèyàn 47 ló bá a lọ nínú 126. Ó máa ń dùn mí gan-an ni.

Torí náà, ẹ sọ fún un pé tó bá rí iná tàbí èéfín, kó pe òṣìṣẹ́ inú bàálù kíá, kó sọ apá tó ti rí i, ọ̀tún àbí òsì, kó má rò pé wọ́n á ti mọ̀. Tí ohun tí wọ́n kéde ò bá bá ohun tó rí mu, kó tún un sọ, kó má tijú. Kó má tú bẹ́líìtì. Tí wọ́n bá sì ní kí wọ́n sá jáde nílẹ̀, kó fi báàgì sílẹ̀, torí bó ṣe ń fà á lókè lọ́wọ́ lẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ò ní rọ́nà kọjá, ẹ jẹ́ kó ti fi páásípọ́ọ̀tù sápò ara ẹ̀ kí wọ́n tó gbéra.